Òjìji Igi Nínú Omi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ pé ẹ ń bi àbúrò mi bóyá mo ti gbàgbé àwòrán igi àti adágún inú ọgbà tí mo ṣèlérí fún yín. Mi ò gbàgbé, Màmá. Kò tíì gbẹ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ. Òróró inú rẹ̀ kì í fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le. Ibi tí mo kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti gbẹ tipẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo da funfun lé nípọn lójú omi ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bí mo bá dì í ránṣẹ́ báyìí, ara bébà ni ẹ óò ti máa wá ìdajì ọgbà náà.

Màmá àgbà kan ló ń kọ́ wa ní àwòrán kíkùn nírọ̀lẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ọ̀dà tó lọ́ràá kì í wà lábẹ́ èyí tí kò lọ́ràá. Tọpẹntáìnì, omi tó ń mú ọ̀dà fẹ́lẹ́, la fi ń la ti ìsàlẹ̀. Bí òróró bá pọ̀ nísàlẹ̀, tòkè á ti gbẹ ṣáájú, á sì sán.

Igi kò pẹ́ yé mi. Mo ń kùn ún ní ewé kọ̀ọ̀kan, ni màmá àgbà náà bá gba búrọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní fífẹ̀. Wọ́n ní kí n dijú díẹ̀ kí n tó wo igi. Bí mo ti dijú, ewé pòórá, ó ku ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá ti ń pariwo jù, pupa bíńtín ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Omi ló fìyà jẹ mí. Búlùú ni mo kùn ún. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Wọ́n ní kí n lọ jókòó ti adágún inú ọgbà, kí n má mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Màmá, mi ò rí búlùú kankan lábẹ́ igi! Igi tó dúdú, òjìji rẹ̀ tó hàn nínú omi mọ́lẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, tirẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé abẹ́ ewé, tí mi ò lè rí láti etí omi, omi ń fi hàn mí.

Láti kun òjìji náà, èèyàn á fa ọ̀dà wálẹ̀ tààrà, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbá tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó di ẹrẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù nítorí iná. Lóòótọ́, àkísà tó mu òróró yìí lè gbiná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú agolo onídèrí tó ní omi ni mo ń rì wọ́n sí.

Tí àwòrán náà bá dé, ẹ má gbé e sí yàrá tó ṣókùnkùn, òróró náà máa ń pọ́n bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀. Òjìji kan wà lọ́wọ́ òsì tó wọ́, bẹ́ẹ̀ igi rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo ti rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ pè mí.

Ọmọ yín,
Àjàní