Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Náà

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ sínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, títí kan èébú tí o bu ọkùnrin tó fẹ́ bá yín gbé orin jáde. Màmá rẹ náà gbọ́ ọ, ìyẹn á sì bá ọ sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni èmi fẹ́ sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé bó bá jẹ́ orí fóònù ni, o ò ní jẹ́ kí n délẹ̀ rẹ̀.

Bó ṣe yé mi nìyí. Ọkùnrin náà ní fọ́ńkì yín, orin oníjó tí báàsì, ìlù àti fèrè ń darí, dáa, àmọ́ kò ní tà. Ó ní kí ẹ dín fèrè kù, kí ẹ jẹ́ kí ìlù rọrùn fún oníjó, kí ẹ sì wá olóhùn dídùn kan tí yóò máa dúró níwájú kọrin. O ní àfojúdi gbáà ni. O ní o fẹ́ gbé gìtá rẹ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ yín di ohun tí ẹ kì í ṣe.

O mọ̀ pé àwo orin ni mo ń tà ní Dùgbẹ̀ kí a tó bí ọ. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tí mo tà nígbà náà, ẹgbẹ́ Kool & the Gang ni ọ̀rọ̀ wọn jọ tiyín jù, ìwọ náà sì mọ̀ wọ́n, torí orí kásẹ́ẹ̀tì wọn tó wà nílé ni o ti kọ́ gìtá báàsì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn wọn ti wúlò fún ọ, mi ò rò pé o mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jersey City ní 1964. Robert Bell, tí wọ́n ń pè ní Kool, ló ń ta báàsì. Àbúrò rẹ̀ Ronald ń fọn sakisofóònù. Jáàsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn ní Jazziacs. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, 1969 ni wọ́n mú un. Ní 1973 ni wọ́n wá gbé àwo Wild and Peaceful jáde, èyí tí “Jungle Boogie” àti “Hollywood Swinging” wà nínú rẹ̀. Fọ́ńkì tó ki pọ́pọ́ ni. Kò sí akọrin kan pàtó níbẹ̀. Fèrè ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa pariwo lé e. Ohùn gbàgẹ̀dẹ̀ tí o máa ń sín jẹ nínú “Jungle Boogie” yẹn, Don Boyce ni, ẹni tó ń bá wọn gbé ẹrù lọ sóde eré. Ṣé o rí i? Wọn ò ka ọ̀rọ̀ akọrin sí rárá. Ẹni tó bá wà nítòsí, kó bọ́ sídìí máìkì.

Lẹ́yìn náà ni dísíkò, orin ilé ijó alẹ́, dé, ó sì gba gbogbo ibi ijó. Ibi tí mo ní o kò mọ̀ nìyí. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jí tí wọ́n fi fọ́ńkì sílẹ̀ lọ bá dísíkò, tí owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ yí ìlù padà ná. Ní 1976 wọ́n ṣe “Open Sesame”, ó sì ní oríire tirẹ̀, torí wọ́n mú un wọ inú àwo orin fíìmù Saturday Night Fever. Àmọ́ àwọn àwo tí wọ́n gbé jáde tẹ̀ lé e, The Force ní 1977 àti Everybody's Dancin' ní 1978, kò rìn jìnnà. Ìlù wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ mú àwọn obìnrin wá láti gberin lẹ́yìn. Wọ́n máa ń sọ pé bí ìlù bá yí padà, kí ijó náà yí padà. Ìlù yí padà lóòótọ́, àwọn oníjó kò kàn wá ni.

Ohun tó kù ni pé kò sí ohun tí ènìyàn lè máa kọ lẹ́nu lọ sílé nínú orin wọn. Lójú tèmi, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ní 1979 ni wọ́n mú James Taylor wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní J.T., ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bá wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì gbé iṣẹ́ sítúdíò lé Eumir Deodato lọ́wọ́. Ọmọ Brazil ni Deodato, ó mọ dùùrù, ó mọ bí a ṣe ń to fèrè àti ohun èlò olókùn pọ̀. Ó ti bá Frank Sinatra to orin rí. Mo sọ èyí nítorí o ní gbogbo àwọn tó ń gbé orin jáde kò mọ orin. Bóyá òótọ́ ni o sọ nípa tiyín. Ìwọ lo rí i, èmi ò rí i. Àmọ́ ohun tí o máa kọ́kọ́ wádìí nìyẹn: kí ni ọkùnrin yìí ti ṣe rí, ta ló sì bá ṣe é?

Àwo Ladies' Night ló jáde lọ́dún yẹn. Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ dé ipò kẹjọ lórí Billboard Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ipò kìíní lórí àtẹ orin soul. “Too Hot”, tó jẹ́ orin jẹ́jẹ́, dé ipò karùn-ún lórí Hot 100. Kí o sì wo ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀! Ní July 1979 gan-an ni wọ́n kó àwo dísíkò jọ sí pápá ìṣeré Comiskey Park ní Chicago tí wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọ túútúú, tí àwọn èrò sì ya wọ pápá. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá kúrò nínú dísíkò ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà. Nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọ́n kàn ń sáré tẹ̀ lé ohun tó wà lóde ni.

Nígbà tí “Ladies' Night” ń parí lọ, wọ́n ń kígbe níbẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn wá ṣàjọyọ̀. Inú igbe yẹn ni “Celebration” ti jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ronald Bell, tó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, sọ pé ìtàn inú Àl-Kùránì ló wà lọ́kàn òun, ibi tí Ọlọ́run ti dá Ádámù tí àwọn mọ̀láíkà sì ń yìn Ín. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú bí wọ́n bá gbé e sí níbi ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní January 1981, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà 52 tí wọ́n há mọ́ Iran padà sílé, orin yẹn ni gbogbo rédíò wọn ń kọ. Ní February ó gba ipò kìíní lórí Hot 100, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n débẹ̀ nìyẹn.

Wàyí o, gbé etí rẹ sílẹ̀ dáadáa. Gbọ́ “Hollywood Swinging”, kí o tún gbọ́ “Ladies' Night”. Báàsì náà ṣì wà, ọwọ́ kan náà ló ń ta á. Fèrè ṣì wà, ó kàn ń dúró de akọrin kó tó dá sí i ni. Kool ló ni orúkọ ẹgbẹ́, síbẹ̀ ó gbà kí ẹlòmíràn dúró níwájú òun, ojú ẹni náà sì ni ayé wá mọ̀. Ṣé ìwọ lè gba èyí? Bí mo ṣe mọ̀ ọ́ tó, ibẹ̀ ni inú ń bí ọ sí ju ọ̀rọ̀ ìlù lọ. Kò burú bí inú bá bí ọ. Ṣùgbọ́n pe ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí o bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀; má fi fọ́ńkì bojú.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé wọn ò pàdánù nǹkan kan. “Summer Madness” tí wọ́n ṣe ní 1974 wù mí ju “Celebration” lọ fíìfíì, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí J.T. wọlé. Àwọn oníbàárà mi kan wà tí wọ́n gbọ́ Ladies' Night ní ìsọ̀ mi, tí wọ́n gbé e padà sórí àtẹ, tí wọ́n ní àwọn ò ra orin ọmọdé. Owó wọn lọ. Ẹ̀yin náà máa pàdánù irú wọn. Lẹ́yìn tí J.T. sì fi wọ́n sílẹ̀ ní 1988, àwọn orin ńláńlá náà dáwọ́ dúró. Ohun tí ó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù nìyẹn: kí ẹ kó gbogbo ẹ̀mí ẹgbẹ́ sínú ọ̀fun ẹnì kan.

Àmọ́ fọ́ńkì àtijọ́ kò kú. Àwọn oníráàpù Jazzy Jeff àti Fresh Prince ti gé apá kan “Summer Madness” lò nínú orin tiwọn ní 1991, Mase tóun náà jẹ́ oníráàpù gé “Hollywood Swinging” lò ní 1997. Èyí tí o ti ṣe ti di tìẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ nípa ìwé àdéhùn. Bí o bá wo àwọn orin ńlá wọn yẹn, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nídìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe ti akọrin nìkan. Tiyín ńkọ́? Kí akọrin yẹn tó fi ẹsẹ̀ kan wọ sítúdíò, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́, ta ló ni èwo nínú orin, báwo lẹ ṣe máa pín owó, kí lọ́yà sì kà á fún yín. Bí ọkùnrin náà bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, nígbà náà o lè kúrò, èmi fúnra mi á wá bá ọ gbé ẹrù.

Tún béèrè fún orin kan lórí àwo náà, ẹyọ kan péré, tí fèrè á ti sọ̀rọ̀ tẹ́rùn láìsí akọrin.

Tí wọ́n bá mú akọrin náà wá lọ́jọ́ Sátidé, má jókòó kawọ́ gbera. Ta báàsì fún un tọkàntọkàn, kí o mọ ohun tó lè ṣe. Fóònù rẹ ni kí o fi gbà á sílẹ̀ fún mi, má dúró de èyí tí wọ́n máa tún ṣe ní sítúdíò, torí ohùn rẹ̀ gangan ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.