Àrọ̀ kì í ṣe àlejò nínú odò wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọdún 33 rèé tí mo ti ń sin ẹja. Lóṣù tó kọjá, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n pè wá sí, olùkọ́ wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kó àrọ̀ wá bá wa, pé orúkọ rẹ̀, Clarias gariepinus, ló jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Lẹ́bàá Ọya ni bàbá mi ti ń fi ìgèrè mú àrọ̀, kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa tó gbẹ́ adágún ẹja.

Gariep ni àwọn Khoekhoe, tí wọ́n ni ilẹ̀, ń pe odò ńlá kan ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1779, Robert Gordon, ọ̀gá ológun tó ń sin àwọn ará Họ́láńdì, sọ ọ́ ní Orange, ó fi bu ọlá fún ìdílé tó ń ṣàkóso Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n nígbà tí William Burchell, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ẹja tó rí lódò náà sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ ní 1822, orúkọ tó bá lẹ́nu onílẹ̀ ló fi pè é. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Clarias lazera ni wọ́n pe àrọ̀ wa nínú ìwé tí èmi fi kọ́ṣẹ́. Valenciennes, ará Faransé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1840. Ní 1852, Peters ará Jámánì pe ti Mozambique ní mossambicus. Nígbà tó yá, Guy Teugels, ará Bẹ́ljíọ̀mù, yẹ gbogbo wọn wò, ó ní ẹja kan náà ni. Òfin àwọn onímọ̀ tó ń sọ ẹja lórúkọ sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ wọ ìwé ló ń borí. Odò tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé ti rí ẹja náà ni gariepinus ń fi hàn. Kò sọ ibi tí ẹja ti ṣẹ̀.

Ẹ la orí àrọ̀ wò: lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, ẹ ó rí ohun kan bí igi kékeré ẹlẹ́ka, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́. Ẹja tó lè fi àyà wọ́ nínú ẹrẹ̀ láti omi kan dé òmíràn, kò yà mí lẹ́nu pé ó wà ní Náílì, ní Ọya àti ní Gariep.

Lóòótọ́, àwọn kan ń kó ìyá ẹja wá láti òkè òkun, èyí tí à ń pè ní Dutch. Ìyẹn kò sọ àrọ̀ Ọya di àlejò.

Mo bẹ olùkọ́ náà kó pe àwọn ọ̀dọ́ yẹn padà. Gbogbo wọn ló ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Èmi ni tiyín,
Olùsìn ẹja, Ìbàdàn