Àjàní, má bẹ̀rù àtigbẹ̀yìn

Àjàní ọmọ mi,

Mo ka ohun tó o kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un kà lẹ́yìn tí màmá ẹ ti sùn. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ àkáǹtì sílẹ̀ kó o lọ kọ́ iṣẹ́ iná mọ́tò, iṣẹ́ rewire, pé ohun tó ń dà ẹ́ láàmú ni pé àwọn tó o máa bá ní ṣọ́ọ̀bù á kéré sí ẹ lọ́jọ́ orí, wọ́n á sì mọ iṣẹ́ jù ẹ́ lọ, pé àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde ilé ìwé ti ń ra ilẹ̀, ìwọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa bá ọ̀gá di tọ́ọ̀ṣì mú. Mi ò ní sọ pé má lọ, mi ò sì ní sọ pé lọ. Màmá ẹ ti sọ tiẹ̀. Èmi kàn fẹ́ kó o fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí mo ti ń dárúkọ ẹ̀ fún ẹ láti kékeré, Jacky Ickx, awakọ̀ eré ìje mọ́tò.

Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni, Brussels ni wọ́n bí i sí ní January 1, 1945. Bàbá ẹ̀ oníròyìn ni, ọ̀rọ̀ mọ́tò àti eré ìje ló ń kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò lọmọ yẹn fi bẹ̀rẹ̀, máṣínì kékeré oní 50cc ni, irú eré tí wọ́n ti ń gun òkúta àti ẹrẹ̀, tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tó yá jù ló ń borí, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá kanlẹ̀ ni. Ó ṣe é títí tó fi gba ipò kìíní ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó wá bọ́ sínú mọ́tò, irú tí èèyàn fi ń lọ sí ọjà gan-an, òun àti Hubert Hahne sì fi BMW gba eré wákàtí 24 ti Spa, níbẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1966. Ken Tyrrell, Gẹ̀ẹ́sì tó lójú láti mọ ọmọ tó máa dára, gbé mọ́tò Formula 2 fún un, eré tó wà lábẹ́ Formula 1 tó jẹ́ ti àwọn ọ̀gá, ó fi gba ife Yúróòpù ní 1967.

Gbọ́ èyí dáadáa. Lọ́dún 1967 yẹn náà, ní Nürburgring ní Jámánì, ọ̀nà inú igbó tó ju kílómítà 22 lọ téèyàn bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí àwọn mọ́tò Formula 2 wá bá ti Formula 1 sáré. Ẹ́ńjìnnì ti Ickx lítà 1.6 ni, tàwọn ọ̀gá lítà 3. Nígbà tí wọ́n ń wo àsìkò kálukú, ẹni méjì péré ló yá jù ú lọ, Jim Clark àti Denny Hulme. Síbẹ̀, torí pé mọ́tò kékeré ló wà, ẹ̀yìn gbogbo àwọn Formula 1 pátá ni wọ́n tò ó sí. Láti ẹ̀yìn yẹn ló ti ń kọjá àwọn èèyàn ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí irin ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò ẹ̀ kán. Kò parí eré ọ̀hún o. Àmọ́ ní 1968, Ferrari ló ń wà, ọmọ ọdún 23 ló sì jẹ́ tó fi gba eré Formula 1 àkọ́kọ́ ẹ̀ nínú òjò, ní Rouen ní Faransé. Ọjọ́ yẹn náà ni Jo Schlesser, awakọ̀ míì, jóná mọ́ mọ́tò. Bí eré yẹn ṣe rí nígbà náà nìyẹn, ayọ̀ àti òkú lójú kan náà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni Le Mans ní Faransé, 1969. Eré wákàtí 24 ni, ọ̀sán mọ́jú di ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà yẹn, mọ́tò á tò sí ẹ̀gbẹ́ kan títì, àwọn awakọ̀ á dúró ní òdìkejì, tí wọ́n bá ti ju àsíá báyìí kálukú á sáré kọjá, á fò sínú mọ́tò, á ṣíná, á gbéra. Ta ló fẹ́ ráyè de bẹ́líìtì níbẹ̀? Àwọn kan á máa dè é lórí eré, pẹ̀lú ìyára tó o mọ̀ yẹn.

Ickx ní òun ò ṣe. Wọ́n ju àsíá, gbogbo wọn sáré, òun ń rìn. Ó rìn jẹ́jẹ́ kọjá títì lójú gbogbo èrò tó ń wòran, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó de bẹ́líìtì ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó wá ṣíná. Gbogbo mọ́tò ti lọ tán, òun ló gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà yẹn o, tó ṣì ń wá orúkọ. Ní yípo àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni Porsche 917 bọ́ mọ́ John Woolfe lọ́wọ́, ó kú, kò tíì de bẹ́líìtì.

Ickx àti Jackie Oliver wá ń lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú Ford GT40, mọ́tò tó ti ń dàgbà, tó jẹ́ pé òun náà ló gba ife ọdún tó ṣáájú, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, àwọn mọ́tò tó yá jù wọ́n lọ ń bàjẹ́ lọ́nà, títí tó fi ku òun àti Hans Herrmann nínú Porsche 908, bí ìyẹn bá kọjá òun á tún kọjá. Nígbà tí wákàtí 24 pé, bíi mítà 120 ni Ickx fi ṣíwájú. Mítà 120, Àjàní, lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, ẹni tó gbẹ̀yìn! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọn ò sáré kọjá títì mọ́, inú mọ́tò ni awakọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́líìtì lára.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gba Le Mans. Ti 1977 ni mo fẹ́ràn jù, mọ́tò tiẹ̀ kú, wọ́n gbé e sínú ti Jürgen Barth àti Hurley Haywood tó wà lẹ́yìn réré, ó wà á lóru bíi pé ẹ̀mí gbé e, wọ́n débi iwájú, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó parí. Ọdún yẹn náà ló bá Allan Moffat gba eré Bathurst ní Ọsirélíà. 1979 ó gba ife eré Can-Am ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 38 ló jẹ́ ní 1983 tó fi gba eré Paris-Dakar, òun àti Claude Brasseur tó jẹ́ òṣèré fíìmù, nínú Mercedes, wọ́n gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Senegal. Iyanrìn ò mọ̀ pé ó ti gba Le Mans rí, ó ní láti kọ́ ọ lọ́tun.

Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún ẹ. Kò gba ife àgbáyé Formula 1 rí, ipò kejì ló ṣe ní 1969 àti 1970, àwọn kan sì gbà pé ká ní ojú kan ló dúró sí ni, ì bá gbà á. Ó ṣeé ṣe. Ní 1985, ní Spa nílé ẹ̀, mọ́tò òun àti ti Stefan Bellof kọlura, ọmọkùnrin yẹn kú, ọdún yẹn náà ni Ickx fi eré orí títì yẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn máa ń pàdánù nǹkan kan, mọ̀ ọ́n kó o tó gbéra.

Nítorí náà, ti pé o máa wà lẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Ohun tó ká mi lára ni bóyá o ti de bẹ́líìtì. Owó tó o máa jẹ fún oṣù mẹ́fà ńkọ́? Ọ̀gá tó o fẹ́ lọ bá, ṣé ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà inú mọ́tò wò, àbí wáyà ló kàn ń já tó ń so? Lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Saturday méjì, má sọ pé o fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó o kàn máa wò. Kọ gbogbo ìnáwó ẹ sínú ìwé, àkáǹtì lo kà, wá bá mi nílé ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó fún wọn ní lẹ́tà kankan níbi iṣẹ́. Màmá ẹ ní kó o mú aṣọ tó o fẹ́ rán fún Kérésì dání.

Èmi ni,
Bàbá ẹ