Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí àdápítà ilé ìdáná rẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ilé tuntun. Ilé á tù ọ́ lára o. Mo rí àwọn fọ́tò ilé ìdáná tó o fi ránṣẹ́, mo sì wò wọ́n dáadáa. Ó mọ́ tónítóní, bí mo ṣe mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀, àdápítà funfun kan wà lẹ́nu rẹ̀, kẹ́tù, tósítà àti bílẹ́ńdà sì so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, torí tá a bá wà lórí fóònù, o ti máa ń sọ pé "mo ti gbọ́, Mọ́mì" kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Àdápítà ò ṣe nǹkan kan fún iná. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan ló ń bá wa tún ṣe, kó lè wọ ihò tó wà lára ògiri. Iná tó bá wà nínú ògiri náà ló máa gba inú rẹ̀ kọjá wọnú ẹ̀rọ rẹ, bó ṣe lágbára tó gẹ́lẹ́. Kì í dín in kù, kì í sì í fi kún un. Ẹni tó bá wọ bàtà ọba ò tíì di ọba.

Ṣáájà fóònù ló máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ṣáájà kó lè lo iná láti 100 fóòtì (ìyẹn ìwọ̀n agbára tó ń ti iná) títí dé 240, nítorí náà ibi yòówù kó o gbé e dé, àdápítà ti tó o. Èèyàn á wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rí. Ẹ̀rọ ilé ìdáná ò rí bẹ́ẹ̀. Iná ilé ní Japan jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà sì wà ní nǹkan bí 230. Ká ní tósítà kan wà tí wọ́n ṣe fún 120 fóòtì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 wáàtì, kí ẹnì kan wá fi àdápítà tì í bọ ògiri oní-230. Ohun tó máa fà á sún mọ́ 3,700 wáàtì. Fóòtì ò tíì pé ìlọ́po méjì, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà inú rẹ̀ á pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, ó sì lè jóná kó o tó yíjú padà. Bó bá jẹ́ kẹ́tù oní-230 lo gbé lọ síbi tí iná ti jẹ́ 120, kò ní jóná ní tiẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ nìkan ló máa lò, omi ò sì ní tètè hó.

Àwọn kan á ní kó o ra tíránsífọ́mà. Lóòótọ́, òun ló ń yí fóòtì padà. Ṣùgbọ́n èyí tó lè gbé ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná máa ń tóbi, ó máa ń wúwo, òun fúnra rẹ̀ á sì máa gbóná. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ kéèyàn sọ ilé ìdáná di ilé iṣẹ́ iná nítorí tósítà. Fi tósítà náà ta ẹni tó ń lọ síbi tí iná rẹ̀ bá a mu lọ́rẹ, kó o ra èyí tí wọ́n ṣe fún ibi tó o wà.

Ó yá, lọ gbé kẹ́tù rẹ. Yọ ọ́ kúrò lára iná, da omi inú rẹ̀ nù, kó o dojú rẹ̀ dé. Wàá rí àkọlé kékeré kan nídìí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 220–240V, 50/60Hz, 2200W ló wà níbẹ̀, V ni fóòtì, òun ni kó o kọ́kọ́ wò. Tí kò bá bá iná ilé rẹ mu, ọ̀rọ̀ ti parí, dá kẹ́tù padà sílẹ̀. Tó bá bá a mu, wá wo W, ìyẹn wáàtì. Lẹ́yìn náà, yọ àdápítà náà lára ògiri kó o wò ó yí ká. Ibì kan á wà tí wọ́n kọ ọ́ sí, bóyá 6A, bóyá 10A, bóyá 13A. A ni áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé. Tó ò bá rí nǹkan kan tí wọ́n kọ sí i, má fi ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná sí i rárá.

Fi fóòtì pín wáàtì. 2,200 tó o bá fi 230 pín jẹ́ nǹkan bí 9.6A. Àdápítà oní-6 ò lè gbé e. Èyí tó jẹ́ 10 lè gbé e, ṣùgbọ́n kò sáyè fún nǹkan míì mọ́. Kẹ́tù tó jẹ́ 3,000 wáàtì máa fa 13 gbáko, ìyẹn gan-an sì ni òpin púlọ́ọ̀gì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wá ṣírò ohun tó wà lára ògiri rẹ: kẹ́tù 2,200, tósítà bíi 900, bílẹ́ńdà bíi 500. Ó di 3,600 wáàtì, iná tó ń gba inú ike kékeré yẹn kọjá sì lé ní 15 tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Wàá ní ìwọ kì í tan wọ́n pọ̀. Mo gbà. Àmọ́ ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lẹ jọ ń gbébẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì máa ń kánjú láàárọ̀.

Ibi tí ewu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ojú ìfarakàn, níbi tí irin àdápítà ti di irin púlọ́ọ̀gì mú. Tí kò bá dì í mú gírígírí, ibẹ̀ á máa gbóná. Bó ṣe ń gbóná ni irin náà á máa dẹ̀ sí i, ìdẹ̀ náà á sì tún dá kún ooru. Tí iná tó ń gba ibẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, tí kẹ́tù bá hó tán, pa súwíìṣì ògiri, kó o wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àdápítà náà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ò burú. Tó bá gbóná débi tó o fi yára fa ọwọ́ padà, má lò ó mọ́. Wo ihò rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá ti ń di rẹ́súrẹ́sú yí ká, tí ike rẹ̀ ń rọ̀, tó ń dún zzz, tàbí tí òórùn ike tó ń jó bá ń jáde láìrí èéfín, ó ti ń kìlọ̀ fún ọ nìyẹn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nípa ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì: èèyàn máa ń rò pé ó kàn wà níbẹ̀ ni. Éètì ni, ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà máa gbà lọ sínú ilẹ̀. Tí wáyà kan bá já nínú kẹ́tù onírin, tó wá fara kan irin náà, éètì ló máa gbé iná náà lọ, tí fíúsì á fi já tàbí tí bíréékà á fi bọ́. Àdápítà tó sọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti yọ ààbò yẹn kúrò, ẹni tó bá wá di kẹ́tù mú ni iná máa gba ara rẹ̀ kọjá. Má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà tó bá ní òun ti ń lò ó látọdún mélòó kan. Mo sì tún mọ àwọn tó máa ń ti nǹkan bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìdérí inú rẹ̀ lè ṣí kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Torí kí nǹkan má bàa ráyè wọ ojú iná ni wọ́n ṣe fi ìdérí yẹn síbẹ̀. Jọ̀wọ́, àní jọ̀wọ́, má dán an wò láé.

Àdápítà ìrìn àjò tó lè wọ ògiri orílẹ̀-èdè gbogbo, inú báàgì ni àyè rẹ̀. Fóònù, kọ̀ǹpútà, irú wọn ló wà fún. Má fi àdápítà kan bọ inú òmíì. Má ká wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n jọ nígbà tí nǹkan tó ń fa iná gan-an bá wà lórí rẹ̀, torí ooru á há sínú ibi tó ká jọ. Fíríìjì àti máíkírówéfù, ògiri ni kí wọ́n wà tààrà, láìsí alágbàtà. Ti fíríìjì tún ṣe pàtàkì nítorí pé tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, iná tó máa ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ìgbà tó bá ti ń lọ. Àdápítà tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ló máa rí i tó bá ń dúdú?

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì yẹn, gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, kó o nu ọwọ́ rẹ gbẹ kó o tó fọwọ́ kàn án. Púlọ́ọ̀gì ni kó o dì mú tó o bá ń yọ ọ́, má fa wáyà.

Bàbá rẹ ní kí n má kó ìpayà bá ọ. Bóyá òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣàì sọ èyí: tó bá ṣẹlẹ̀ pé iná sọ níbẹ̀, má da omi sí i. Tó o bá lè dé ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé láìfara wewu, pa á. Tí kò bá ṣeé ṣe, jáde, kó o pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ, kó o pe àwọn panápaná láti ìta. Tí iná bá sì gbé ẹnì kan, má fọwọ́ kàn án títí iná á fi kú.

Ní tèmi, ohun tó máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kó má sí àdápítà nílé ìdáná yẹn rárá. Bílẹ́ńdà tí fóòtì rẹ̀ bá iná ibẹ̀ mu, jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò, kó fi èyí tó bá ògiri mu sí i, pẹ̀lú fíúsì tó yẹ tó bá jẹ́ irú púlọ́ọ̀gì tó ń lo fíúsì. Kó ju èyí tó gé nù, kí ọmọdé kankan má bàa rí i kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí onílé pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ò tó ilé ìdáná, kó wá fi méjì sí i, jìnnà sí omi. Tó bá ní kó o dúró di oṣù tó ń bọ̀, ó dáa, àmọ́ kẹ́tù nìkan ni kó máa wà lára ògiri yẹn tó o bá fẹ́ se omi, láìsí àdápítà. Tó bá hó tán, yọ ọ́, kó o tó fi tósítà síbẹ̀. Bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ