Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Aṣọ Tó Yẹ Kí Ẹ Wọ̀ Wá sí Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a kú ìmúra ọdún. Iléyá ti dé tán, Káyókáyó, ọdún ìlú Ẹ̀pẹ́, sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kó àwọn ọmọ wá sí ọgbà wa láti àárín ìlú Ẹ̀pẹ́, láti Ìtòìkín, títí dé Ìkòròdú àti Ìjẹ̀bú-Òde, tàwọn ti aṣọ ẹgbẹ́jọdá, gèlè tó ga àti agbádá tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn. Aṣọ yìí máa ń wuni í wò. Àmọ́ aṣọ tó bá ọdún mu lè má bá ẹ̀rọ ìṣeré mu, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oníbàárà àti òṣìṣẹ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ lẹ́tà yìí, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń wò lára aṣọ àti ìdí tí a fi ń wò ó, kí ẹ sì ti di ẹrù yín bó ṣe yẹ láti ilé.

A kì í wo ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, a kì í sì í wo iye tí ẹ fi ra aṣọ. Ẹni tó bá ti bo ara rẹ̀ bí ọmọlúàbí, á wọlé. Ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni a ti sábà máa ń dá ènìyàn dúró, torí pé aṣọ tí kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó jókòó jẹun lè pa ẹni tó gun go-kart, ọkọ̀ kékeré tí à ń fi sáré ìje. Bí òṣìṣẹ́ wa bá ní kí ẹ má gun ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń sọ. Bí ẹ bá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ go-kart ló le jù, òun la ó sì fẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà. Irin gbọọrọ kan tí à ń pè ní ṣáàfùtù ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó sì ń yí láìdúró níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ibẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé etí ìborùn lọ síbẹ̀, irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, á máa fà á títí tí yóò fi dé ọrùn. Kí òṣìṣẹ́ tó ké pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó ti ṣẹlẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni Isadora Duncan, gbajúmọ̀ oníjó ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe kú ní ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927: ìborùn sílíkì gígùn tó wé mọ́ ọrùn ló há sí táyà ọkọ̀ tó jókòó sí. Irun gígùn àti atáṣímẹ́ǹtì náà ń há bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rán mọ́ orí kì í já bọ́ bọ̀rọ̀, awọ orí ló máa ń bá a lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú go-kart, irun gbọ́dọ̀ wà ní dídì, kí ó sì wọ inú ẹ̀wù lọ. Akoto ṣe dandan fún ọmọdé àti àgbà. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ lórí, kí ìka méjì péré lè wọ àárín okùn rẹ̀ àti àgbọ̀n. Akoto kò lè jókòó dáadáa lórí gèlè, fìlà líle tàbí wíìgì tó ga, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n tú u. Wíìgì tí kò ní ìdè máa ń yọ̀ lábẹ́ akoto, akoto náà á sì yí bo ojú awakọ̀. Agbádá gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn. Bùbá àti ṣòkòtò ti tó, kí ẹ ká apá bùbá dé ìgbúnwọ́. Ìró kò bá go-kart mu rárá, nítorí pé ó máa ń tú, etí rẹ̀ á sì bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ níbi bíréèkì. Ṣòkòtò tó bo ojúgun la fẹ́, torí pé sàléńsà ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná débi pé ó lè bó awọ ẹsẹ̀ ẹni tó bá fara kàn án nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bo ọmọ ìka, tó sì dè. Sálúbàtà máa ń yọ lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń há sábẹ́ bíréèkì gẹ́lẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń lo hìjáàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí pé òun ló ń fa ìbínú jù. A kò ní sọ pé kí ẹ ṣí orí. Hìjáàbù gígùn tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ la kò fẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń yí. Ẹ mú hìjáàbù kékeré èyí tí wọ́n ń fà wọ̀ láti orí, tí kò nílò pín-ìnnì, dání. Ẹ ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú ọrùn ẹ̀wù, akoto á sì jókòó lé e dáadáa. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ obìnrin wà lọ́tọ̀, obìnrin ló ń ṣọ́ ọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì láti inú.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, aṣọ tí kò bá ti ṣe pàtàkì ni ọmọ lè wọ̀ wọnú púùlù: tíṣáàtì àtijọ́, ṣòkòtò jíìnsì tí wọ́n gé, ańkárá tó ti ṣá. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a kò gbà. Òwú máa ń mu omi, yóò wúwo, yóò sì máa fa ọmọ tí kò tíì mọ ìlúwẹ̀ẹ́ sísàlẹ̀. Fọ́nrán òwú tó ń bọ́ lára rẹ̀ á lọ dí fílítà tó ń sẹ́ omi, omi kò sì ní lè máa yípo bó ṣe yẹ. Aró àdìrẹ àti àwọ̀ ańkárá á ṣàn sínú omi, títí a ò fi ní rí ìsàlẹ̀ mọ́. Omi tí ẹ̀ṣọ́ kò bá sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kí ọmọ kankan wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi. Mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan ni à ń fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan sí hàn, sì wà láàárín 7.2 àti 7.8. Gbogbo ìdọ̀tí tó bá tara aṣọ àti ara wọlé ló ń jẹ nínú kílórínì yìí, kòkòrò á sì ráyè. Òórùn tó ń ta ni nímú lẹ́bàá púùlù, tí àwọn ènìyàn máa ń rò pé kílórínì ló pọ̀ jù, òógùn àti ìtọ̀ tó pàdé kílórínì ló ń fà á, òun náà ló sì ń mú ojú pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ẹbí fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọ omi. Kí ẹni tó fi òrí tàbí ìpara para fọ ara dáadáa.

Jíìnsì tún ní ẹ̀bi tirẹ̀ lórí sìláìdì omi. Síípù, bọ́tìnnì irin àti àwọn irin róbótó etí àpò rẹ̀ máa ń ha ojú sìláìdì, ọmọ tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ni ara rẹ̀ máa ń bó. Jíìnsì tó rin kì í yọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè dúró pa sáàárín ọ̀nà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a lẹ́yìn ọrùn.

Aṣọ tí a gbà ni aṣọ nàìlọ́ọ̀nù tàbí polyester tó ní líkírà, fọ́nrán tó ń nà, nínú, tó sì fún mọ́ ara. Ó lè gùn, ó lè kúrú. Ẹni tó fẹ́ bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀ lè wọ burkini, irú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Aheda Zanetti gbé jáde ní Ọsirélíà ní nǹkan bí ọdún 2004, tí ọ̀pọ̀ ọjà ń ta irú rẹ̀ báyìí. Bí kò bá sí, lẹ́gíńsì àti ẹ̀wù líkírà ọlọ́wọ́ gígùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi aṣọ òwú sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ, ẹ rẹ ẹ́ nílé, ẹ fún un, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi bá ṣì ń ro tótó lára rẹ̀, òwú ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún ki ọwọ́ yín bọ inú rẹ̀ nígbà tó rin: bí ẹ bá rí èékánná yín, gbogbo ayé ló máa rí ara ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Aṣọ funfun ló sábà máa ń tú àṣírí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ fún àwọn ọmọdé tún ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ. Ọmọ tó wọ aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun máa ń pòórá mọ́ àwọ̀ púùlù bó bá rì. Ẹ ra aláwọ̀ ọsàn, pupa tó ń tàn tàbí àwọ̀ ewé tó ń ta ni lójú.

Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ pámpáàsì lásán wọ omi. Èròjà tó ń mu ìtọ̀ nínú rẹ̀ á mu omi púùlù títí yóò fi bẹ́, jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á sì kún inú fílítà. Pámpáàsì tí wọ́n ṣe fún ìlúwẹ̀ẹ́ la fẹ́, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, níbi ìpààrọ̀ aṣọ, kì í ṣe létí púùlù. Ṣùgbọ́n kò sí pámpáàsì tó lè dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Kòkòrò kan wà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó ń jẹ́ Cryptosporidium, ó lè wà láàyè ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tí kílórínì rẹ̀ pé pérépéré. Ọmọ tí inú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́yìn tó bá dá kó tó padà sínú omi.

Bouncing castle àti tirampolíìnì, ìyẹn àwọ̀n onísípíríǹgì tí ọmọ ń fò lórí rẹ̀, ló kàn. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ̀gbà, yẹtí gígùn, jígí, pín-ìnnì hìjáàbù àti gbogbo ohun ṣóńṣó orí irun sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ìdí máa ń já, ọmọ kékeré á sì kó o sẹ́nu. Ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò tó bo orókún dára ju ẹsẹ̀ lásán lọ, torí pé ọ̀rá bouncing castle máa ń gbóná lọ́sàn-án, ó sì máa ń bó orókún àti ìgbúnwọ́. Fún tirampolíìnì, ìbọ̀sẹ̀ tó ní rọ́bà lábẹ́ la fẹ́. Aṣọ ọjọ́ ìbí tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bíi àwọ̀n ẹja ṣe ìdí rẹ̀ máa ń há sí ìdí sípíríǹgì, ó sì yára gbaná nítòsí àbẹ́là kéèkì. Kí ọmọ wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, kó sì bọ́ ọ kó tó lọ ṣeré.

Ẹ yọ okùn tó wà lọ́rùn ẹ̀wù onífìlà kúrò pátápátá. Okùn yẹn máa ń há sí àlàfo orí sìláìdì nígbà tí ara ọmọ ti ń yọ̀ lọ, ó sì ti fún ọmọ lọ́rùn pa. Èyí ló mú kí àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, CPSC, gbé ìlànà jáde lórí okùn aṣọ ọmọdé ní 1996.

Àga onísẹ́ẹ̀nì tó ń fò yípo kò ní wàhálà aṣọ púpọ̀, bàtà ni kí ẹ ṣọ́: sálúbàtà tó bá jábọ́ láti òkè lè fọ́ orí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní ti ẹṣin tó ń yí, ìyá tó wọ ìró lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́, kó di ọmọ rẹ̀ mú láti ibẹ̀.

Nǹkan díẹ̀ péré la ń tìtorí ẹ̀ dá ènìyàn padà ní géètì: aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rírùn sí, aṣọ tó fi ìdí tàbí ọmú hàn, àti aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọdé pọ̀ níbí, àwọn àgbà náà sì ń bá wọn wá. Àwa nìkan kọ́ là ń ṣe èyí. Ọgbà Disney ní Amẹ́ríkà kì í gba aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ tàbí tó ní ọ̀rọ̀ àbùkù, ẹ̀wù àti bàtà kò gbọ́dọ̀ kúrò lára níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 14 kò gbọ́dọ̀ múra bí àwọn ẹ̀dá inú eré. Níhìn-ín, ọkùnrin gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù bó bá ti kúrò létí púùlù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi aṣọ rírin jókòó níbi oúnjẹ, torí omi tó bá kán sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń gbé ẹni tó gbé àwo oúnjẹ ṣubú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bàtà gogoro, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Disneyland, ọgbà Disney àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1955, ọ̀dà ilẹ̀ kò tíì le tán, bàtà àwọn obìnrin sì ń rì sínú rẹ̀. Tiwa kì í ṣe ọ̀dà, yanrìn ni àti bíríkì ilẹ̀ tó ní àlàfo, gìgísẹ̀ bàtà tó tín-ín-rín á há síbẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Ẹ mú bàtà pẹlẹbẹ dání.

Ẹbí tó ń ti pápá Káyókáyó bọ̀ tààrà lè fi aṣọ ọdún pamọ́ sínú àpótí wa tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí báàgì yín ní aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, táwẹ̀lì, bàtà kan tó bo ọmọ ìka fún ẹni kọ̀ọ̀kan, hìjáàbù kékeré fún ẹni tó ń lò ó, aṣọ gbígbẹ tí ẹ ó wọ̀ lọ sílé, àti ọ̀rá tí ẹ ó kó èyí tó rin sí. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kó ọmọ iléèwé wá, ẹ sọ fún àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí pé yúnífọ́ọ̀mù òwú kò lè wọ omi, ọmọ tí wọn kò sì di aṣọ fún ló máa ń dúró máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ kan bá rú yín lójú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kí ẹ tó kúrò nílé, a ó sọ ẹ̀rọ tó bá a mu fún yín.

Àwa tí à ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ yín ní Ẹ̀pẹ́