Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Tó Ní Igi Gbígbẹ Lásán Ni

Ẹ̀gbọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò mọ orúkọ yín. Èmi ni mo dé fìlà aláwọ̀ ewé, tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú ọ̀nà Methuselah, lórí òkè White Mountains ní California, nígbà tí ẹ̀yin àti ọmọ yín obìnrin ń kọjá. Mo ń wá èémí ni. Ọgbà igi tí wọ́n ń pè ní Schulman Grove yẹn ga ju 3,000 mítà lọ, ẹni tó bá rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀ á máa mí bí ẹni tó sáré. Bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín, inú mi dùn, mo dìde kí yín. Ẹ bi mí pé, "Àbúrò, èwo gan-an ni Methuselah nínú gbogbo igi wọ̀nyí?" Mo ní n kò mọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, bíi pé mo ń ṣahun.

Òótọ́ ni mo sọ. Methuselah ni igi arúgbó tó ti lé ní 4,600 ọdún, òun ni wọ́n fi sọ ọ̀nà yẹn lórúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú igbó náà kò fi àmì kankan sára igi yẹn, wọn kì í sì í júwe rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kí ẹ tó dé, mo ti fúnra mi yan igi bristlecone kan tó lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀, mo ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi pé Methuselah rèé. Màmá mi ti fi han gbogbo ẹbí. Irọ́ yẹn kò ṣeé kó jọ mọ́.

Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀ka gbígbẹ kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n bí oyin, èkejì funfun bí egungun. Ọmọ yín mú un, ó wojú yín. Ẹ ní, "Mú un, igi gbígbẹ lásán ni." Ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Mo lanu láti sọ̀rọ̀, mo wo ọmọ náà, mo tún pa ẹnu dé. Báwo ni èmi àbúrò ṣe fẹ́ bá yín wí lójú ọmọ yín? Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yún mi lẹ́nu.

Ẹ rántí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe funfun. Òkúta dolomite ni, oúnjẹ tí igi lè rí jẹ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Òkè Sierra Nevada tó wà níwọ̀ oòrùn ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú òjò kó tó dé ibẹ̀. Igi mìíràn dé ibẹ̀, ó rí i pé kò sí ọbẹ̀ nínú ìkòkò, ó yà. Bristlecone ló dúró. Láàárín 100 ọdún, ìdí rẹ̀ lè má fẹ̀ ju íǹṣì kan lọ. Nítorí pé kò kánjú, igi rẹ̀ le gbagidi, oje kún inú rẹ̀, kòkòrò àti ìjẹrà kì í rọ́nà wọlé. Igi kan sì jìnnà sí èkejì, iná kò rí ibi tí yóò gbà fò. Àwọn tó bọ́ sí ilẹ̀ tó dára díẹ̀ ń ga, wọ́n ń sanra, wọ́n sì ń tètè kú. Bí gbòǹgbò kan bá kú, apá ibi tí gbòǹgbò yẹn ń bọ́ lára igi nìkan ló máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí igi tó dà bí òkú látòkè délẹ̀, àfi èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ewé tútù sì wà lórí. Ewé ọ̀hún gan-an lè lo 30 ọdún lórí ẹ̀ka kó tó já. Èyí tí ọmọ yín fọwọ́ kàn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un.

Edmund Schulman ló wá Methuselah rí ní ọdún 1957. Ó ń ka òrùka inú igi ní yunifásítì Arizona; òrùka kan ni igi ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò ni wọ́n fi ń lu igi, wọ́n á fa ọ̀pá kékeré kan jáde bí pẹ́ńsùlù, igi á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Òrùka igi náà ju 4,600 lọ. Mètúsélà inú Bíbélì, 969 ọdún péré ló lò, ọmọdé ni níwájú igi yìí. Schulman fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kìíní ọdún 1958, ẹni ọdún 49, kí ìwé ìròyìn tó gbé ìròyìn igi náà jáde.

Igi tó ti kú kì í tètè jẹrà lórí òkè yẹn. Ó lè wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ọdún ọ̀dá, òrùka á há. Ọdún tí òjò rọ̀, á fẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà bí òrùka ìgbà èwe igi tó wà láàyè bá ṣe bá òrùka ìgbà ogbó igi tó ti kú mu, wọ́n á so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń so ìwé tó ya, wọ́n á tún wá èyí tó ti kú ṣáájú ìyẹn. Wesley Ferguson, tí òun náà ń ka òrùka igi bíi Schulman, so ó títí ó fi kọjá 7,000 ọdún sẹ́yìn. Irú èyí tó wà nínú báàgì ọmọ yín ló ń ṣà nílẹ̀.

Ẹ ẹ̀ ní gbà gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ yọ. Àwọn tó ń fi kábọ̀n díwọ̀n ọjọ́ orí ohun àtijọ́ yẹ igi wọ̀nyí wò, wọ́n rí i pé òǹkà kábọ̀n ń jẹ ọdún. Fún ohun tó ti pẹ́ gan-an, ó ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún dín in kù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ibojì olókùúta àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, tí wọ́n ti ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì àti àdúgbò wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, wá dàgbà ju pírámíìdì lọ. Igi gbígbẹ ní California ló yí ìtàn Yúróòpù padà.

N kò fi yín wé ẹni burúkú. Ní ọdún 1964, lórí òkè Wheeler Peak ní Nevada, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Donald Currey, gba àṣẹ, wọ́n sì gé bristlecone kan lulẹ̀. Igi kan láàárín ọ̀pọ̀ ni lójú gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n ka òrùka rẹ̀ ni wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe: 4,862 ni òǹkà tó dé lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn, ibi tí wọ́n sì ti kà á kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí igi kankan tí wọ́n tíì ka ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Orúkọ tí wọ́n ń pe igi yẹn, Prometheus, ló kù. Bí wọ́n bá wá fi Methuselah pamọ́ fún èmi àti ẹ̀yin, mo gbà fún wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ẹ̀ka yẹn padà lọ jù síbi tó bá wù yín lórí òkè náà, ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ara ohun tó mọ̀. Òfin ibẹ̀ sì kà á léèwọ̀ láti mú igi kúrò. Ẹ dì í, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Inyo National Forest, àwọn tó ń tọ́jú igbó náà, kí ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì wo lẹ ti mú un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dì í, ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá fún ọmọ yín, kó ka òrùka ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bó bá kà á dé 100, kí ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ibi tó ti kà. Ó lè bò ó tán.

Èmi àbúrò yín, onífìlà aláwọ̀ ewé.