Ìyá Ìbejì, mo ti ka CV rẹ

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Kú ilé o. Ṣé ara Kẹ́hìndé ti yá? Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé físà yín ti jáde, pé ẹ ń bọ̀ wá bá Bàbá Ìbejì ní Newcastle, ni inú mi ti ń dùn.

Mo rí CV, ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ, tí o fi ránṣẹ́ láti fi wá iṣẹ́ níbí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ọ níbẹ̀. Orúkọ rẹ ló wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí mo mọ̀ kò sí nínú ìwé yẹn. O kọ ọ́ pé o ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn láti 2014 sí 2023, pé iṣẹ́ rẹ ni láti tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Ó tán. Ọdún mẹ́sàn-án, ìlà kan péré!

Ta ló wá kó káàdì sá sóòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dún tí òrùlé jò, tó tún nọ́ńbà wọn kọ? Mo rántí bí àwọn aláìsàn ṣe máa ń jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí káàdì tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ìwọ lo ní kí wọ́n yé fi orúkọ tò ó, kí wọ́n fi nọ́ńbà tò ó, ìgbà yẹn ni èrò fi dín kù lẹ́nu fèrèsé yín. Ìwọ náà lo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ń rán wọn lọ ṣe, lọ́dọ̀ yín ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ kà níbí nìyẹn: ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó tìtorí rẹ̀ yí padà.

Mo mọ ohun tó fà á tí o kò fi kọ ọ́. Wọ́n tọ́ wa pé ẹlòmíràn ló ń yin ni. Adìẹ funfun kò sì mọ ara rẹ̀ lágbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa bá ọ sọ ọ́ ní Newcastle, ọ̀rẹ́ mi. Má ṣáà bù mọ́ ọn o. Bí o kò bá rántí iye káàdì náà, bi àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, torí àwọn agbanisíṣẹ́ máa kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ àtijọ́ láti wádìí.

Bákan náà, o bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oríkì la máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá. Iṣẹ́ tí o ṣe kẹ́yìn ni kó ṣáájú nínú CV, kí o wá máa padà sẹ́yìn. Ojú ewé méjì ti tó.

Yọ fọ́tò yẹn kúrò. Yọ ọjọ́ ìbí, ìjọba ìbílẹ̀, ìjọ, iye ọmọ, gbogbo rẹ̀. Òfin kan wà níbí láti 2010, Equality Act, tó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ torí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ìgbéyàwó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí náà wọn kì í fẹ́ kó wà lójú ìwé rárá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pín tèmi kiri tòun ti fọ́tò, mo ń sunkún lóru pé bóyá mi ò wúlò, kí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé tó jókòó tì mí, tó bá mi fa igi lé wọn. Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ rí irú oṣù mẹ́rin yẹn.

NYSC tí o kọ síbẹ̀ kò ní yé wọn. Láti 1973 ló ti wà, a sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìsìnlú ọlọ́dún kan ni, kí o sọ ohun tí o ṣe níbẹ̀. Ní ti HND rẹ, UK ENIC ló máa ń sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí òkèèrè bá dọ́gba níbí. Wọ́n ń gba owó, nítorí náà dúró dìgbà tí ẹnì kan bá béèrè.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, lo fẹ́, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á. Ìwé kan máa ń bá ìpolówó iṣẹ́ náà rìn, person specification, tó sọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń wá gbọ́dọ̀ ní àti èyí tó kàn dára bó bá ní in. Tẹ̀ ẹ́ síwájú rẹ. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi ohun tí o ti ṣe rí dáhùn ìkọ̀ọ̀kan, kí o sì lo ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn lò. Èyí tí o kọ fún ibì kan, má gbé e bó ṣe wà lọ síbòmíràn.

Tún un kọ, kí o fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀; màá pè ọ́ lálẹ́ ká jọ kà á. Kí o tó kúrò ní Òṣogbo, jọ̀wọ́, lọ rí ọ̀gá rẹ. Gba í-meèlì rẹ̀ àti lẹ́tà lórí ìwé tó ní orúkọ ilé ìwòsàn, kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Èmi ni,
Ìyá Dámọ́lá